Kálípà kan ṣoṣo ni ọ̀dà ẹ̀ jó nínú mẹ́rin, ọ̀dà wo ni kí n lò?

Awakọ̀Òkè:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo tú kálípà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́tò mi (irin bíréèkì tó ń fi páàdì há dísìkì táyà kó lè dúró), ìpẹtà ti bò wọ́n, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha wọ́n, mo fi sàńpépà gbo wọ́n, mo wá fín ọ̀dà pupa sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n dán gbinrin. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la gun òkè gíga kan, ìgbà tá à ń sọ̀ kalẹ̀ ẹsẹ̀ mi ò kúrò lórí bíréèkì, ká tó dé ìsàlẹ̀ mo ti ń gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jó, pẹ́dà wá rọ̀ bíi tìmùtìmù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ẹ̀rù bà mí gan-an torí àwọn ọmọ wà lẹ́yìn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, ọ̀dà kálípà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ti dúdú, ó ń ṣí bí èèpo, àwọn mẹ́ta tó kù ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé ó ń gba 260 dígírì. Ṣé kí n wá èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àbí kí n lọ ṣe páúdà kótìn, ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń yan mọ́ irin?

BàbáSípánà:
O kú ewu o, tìwọ tàwọn ọmọ. Fi ọ̀rọ̀ ọ̀dà sílẹ̀ ná. Agolo kan náà lo fi kun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ló jó, kálípà yẹn ò tú páàdì sílẹ̀ tó o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò ni. Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń fà á: píìnì tí kálípà fi ń sún ti gan, tàbí písítìnì tó ń ti páàdì ló gan, tàbí hóòsì tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì wá ti wú nínú tí ọ́ìlì ń wọlé tí ò lè padà. Fi jáàkì gbé e sókè, jẹ́ kẹ́nì kan tẹ bíréèkì kó sì tú u sílẹ̀, kó o fọwọ́ yí táyà. Tí ò bá yí, tú nọ́ọ̀tì tá a fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀, tó bá yí wẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìyẹn hóòsì tàbí ohun tó wà lókè ẹ̀ ni kó o wò, tó bá ṣì le, píìnì tàbí písítìnì ni. Tó o bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná láìfọwọ́kàn, fi ọ̀tún wé òsì, ṣùgbọ́n dísìkì tó ń dán máa ń tan ẹ̀rọ yẹn jẹ, ara kálípà tó ní ọ̀dà ni kó o na án sí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pẹ́dà tó rọ̀ yẹn. Ọ́ìlì ẹ ló hó. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, DOT 4 (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) tuntun gbọ́dọ̀ gba 230 dígírì ó kéré tán kó tó hó, tó bá ti fa omi 155 péré ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, ti DOT 3 tiẹ̀ kéré sí i, 205 àti 140. Ọ̀dà ẹ ń gba 260, ọ́ìlì ẹ ò gbà tó bẹ́ẹ̀. Má wà á lọ síbì kankan kó o tó pààrọ̀ ẹ̀.

Àwẹ̀ró_Ọlọ́dà:
Bàbá ti sọ ọ́. Ní ti páúdà kótìn, ẹ mọ̀ pé inú ààrò tó tó nǹkan bí 200 dígírì ni wọ́n ti ń yan án, gbogbo rọ́bà gbọ́dọ̀ jáde pátá kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn, kẹ́ ẹ sì dí ihò písítìnì dáadáa tí wọ́n bá máa fi iyanrìn fọ́n ọn, horo kan tó bá wọbẹ̀ á ha á. Kẹ́ ẹ tó tò ó padà, rọ́bà tuntun ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má jẹ́ kí pẹtiróòlù tàbí gíríìsì lásán kàn án torí á wú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fín in nílé, ṣé ẹ fi téèpù bo ibi tí etí páàdì ń gbà sún? Ọ̀dà ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá, kò gbọdọ̀ dé ara píìnì.

Awakọ̀Òkè:
Mo ti tú u. Píìnì ìsàlẹ̀ ti gan, rọ́bà ẹ̀ ya, omi ti wọbẹ̀. Èyí tó dùn mí ni pé àǹtí sọ òótọ́, mo fín ọ̀dà sójú ibi tí páàdì ń sún, ó nípọn, òòlù ni mo fi yọ páàdì inú. Mo ti ha á kúrò, mo ra píìnì àti rọ́bà tuntun, sílíkóònù gíríìsì ni mo fi sí i. Ọ́ìlì tó jáde dúdú bíi kọfí.

BàbáSípánà:
Ó dáa. Tí ọ́ìlì bíréèkì bá ta sára ọ̀dà tuntun, fi omi ṣàn án kíá, á bó o ni. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré ni kó o wọ̀ látòkè wá kí ẹ́ńjìnnì lè fà á sẹ́yìn. Mọ́tò tó wúwo tó 1500 kílò, tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní 300 mítà tó sì jẹ́ bíréèkì nìkan ló dá a dúró, ìgbóná tó máa wọ dísìkì ju kó o ti eré 100 kìlómítà ní wákàtí dúró pátápátá lẹ́ẹ̀méje. Tún wo hóòsì ọ̀tún àti òsì, tí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, méjèèjì ni kó o pààrọ̀ pọ̀.