Wọ́n yọ owó tí mi ò mọ̀ lórí káàdì mi: ẹ wá sọ bí tiyín ṣe jẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́ ẹ wá sọ tiyín. Mo ń wo státímẹ́ǹtì káàdì mi ni mo bá rí owó kan tí wọ́n yọ, orúkọ tó wà níbẹ̀ mi ò gbọ́ ọ rí. Lẹ́tà ńláńlá ni gbogbo ẹ̀, wọ́n tún gé e kúrú láàárín ọ̀rọ̀, nọ́ńbà fóònù kan tẹ̀lé e, orúkọ ìlú tí mi ò dé rí wá kẹ́yìn. Àyà mi là gààrà. Àbúrò mi ní kí n yáa pe báǹkì kí wọ́n pa káàdì yẹn dànù, mo ní rárá, jẹ́ n tì í pa ná. Bọ́tìnì kan wà lórí app báǹkì tó ń ti káàdì fúngbà díẹ̀, tó bá wù yín ẹ tún un ṣí, ẹ ò ní máa dúró de káàdì tuntun lórí nǹkan tẹ́ ẹ ò tíì mọ̀dí. Mo tì í, ara mi balẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Mi ò fi orúkọ yẹn wá nǹkan kan o, torí orúkọ yẹn gan-an ni ò yé mi. Iye owó yẹn ni mo tẹ̀ sínú íméèlì mi, tòun ti pọ́ìntì àti nọ́ńbà tó tẹ̀lé e. Rìsíìtì kan jáde lójú ẹsẹ̀: sọ́fítíwíà tí mo ń lò lójoojúmọ́! Orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí lọ́tọ̀, orúkọ kọ́ńpìnì tó ni ín lọ́tọ̀, ti kọ́ńpìnì ni wọ́n fi gbowó. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ gan-an ò bá ọjọ́ tí mo rà á mu, torí ó ti kọ́kọ́ wà ní pending, ìyẹn pé wọn ò tíì parí ẹ̀, kó tó wọlé.

Ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ yẹn sí ló há. Stripe tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń gbowó, lẹ́tà 22 péré ló gbà, kí ni kò ní gé? Tẹ́ ẹ bá rí SQ * níwájú orúkọ, Square ni wọ́n fi gbowó. PAYPAL * náà, ẹ wo ẹ̀yìn ìràwọ̀ yẹn, ibẹ̀ lorúkọ olùtajà wà. Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni APPLE.COM/BILL, ó lè jẹ́ app, ó lè jẹ́ orin, ó lè jẹ́ àyè tẹ́ ẹ ń kó fọ́tò sí, kò ní sọ, àfi kẹ́ ẹ wọ inú àkáǹtì Apple yín lọ wò ó.

—

Tiyín ṣì dáa, ẹ̀gbọ́n. Tèmi, olè gidi ni. Owó tíńtín báyìí, èyí téèyàn ò ní bojú wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi ló rí i, ó ní èyí kì í ṣe tàwa méjèèjì o. Mo pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, arábìnrin tó gbé e ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á fi owó kékeré dán káàdì wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, tó bá ti wọlé, owó ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn. A ṣì wà lórí fóònù tó ní òun ti ń rí òmíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìyànjú, àmọ́ tí ò wọlé. Bó ṣe bulọ́ọ̀kù káàdì nìyẹn, nọ́ńbà tuntun dé, wọ́n sì dá owó tíńtín yẹn padà fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó parí ìwádìí. Ẹ má wò ó pé owó kékeré ni kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Kẹ́ ẹ má sì pẹ́ jù, ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ báyìí, ọjọ́ 120 ni Visa àti Mastercard fi ṣe gbèdéke.

—

Hmm, èmi ò rírú eléyìí o. Trial ọ̀fẹ́ ni tèmi, mo ti kánsù ẹ̀, wọ́n fi íméèlì dá mi lóhùn pé ó ti parí, síbẹ̀ wọ́n ń yọ owó. Káàdì yẹn wá expire, báǹkì fún mi ní tuntun, mo ní ọpẹ́ o, a ti bọ́ lọ́wọ́ ara wa. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún yọ! Mi ò sì fún ẹ̀dá alààyè kankan ní nọ́ńbà tuntun. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní báǹkì ló là mí lóye pé Visa ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Account Updater, Mastercard náà ní tiẹ̀, àwọn ló ń fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sáwọn tó ń gbowó déédéé lọ́wọ́ ẹni, kí sub (subscription, ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ déédéé) má bàa já. Ó tiẹ̀ ka kóòdù olùtajà yẹn fún mi, 5968, ó ní kóòdù àwọn tó ń gbowó sub ni. Mo fi íméèlì ìkánsù yẹn ránṣẹ́, wọ́n dí ọ̀nà mọ́ olùtajà yẹn nìkan, owó mi sì padà. Íméèlì yẹn ló gbà mí, ẹ má máa pa irú ẹ̀ rẹ́.

—

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, ẹnì kan ń pè mí lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ó ní báǹkì mi lòun ti ń pè, òun rí owó àjèjì kan lórí káàdì mi, kí n ka OTP, nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wọlé sórí fóònù mi kóun lè dá a dúró.

—

Àǹtí, ẹ gé fóònù yẹn kíá! OTP tẹ́ ẹ bá kà ló máa fi yọ owó ọ̀hún. Ẹ fúnra yín pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín, ẹ má sì lọ wá nọ́ńbà báǹkì lórí Google, àwọn kan náà ti gbé ayédèrú síbẹ̀.

—

Mo ti gé e. Ó tún ń pè, ó ní mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pàdánù owó mi.