Àbọ̀ lórí ìrìn àjò wa sí Tucson

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dáhùn nígbà tí mo béèrè ibi tí mo lè mú àwọn òbí mi lọ ní ìlú Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona. A ti lọ, a sì ti dé láyọ̀. Kùtùkùtù ni a lọ sí Arizona-Sonora Desert Museum, ibi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn ẹranko àti ewéko aṣálẹ̀, nítorí pé ìta gbangba ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, oòrùn aṣálẹ̀ kò sì ṣeé fojú di. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹyẹ hummingbird tíntìntín, tí wọ́n ń fò kọjá létí ẹni, ni ìyá mi kò fẹ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì San Xavier del Bac, tí wọ́n parí ní 1797, tó wà lórí ilẹ̀ àwọn Tohono O'odham, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló wọ̀ mí lọ́kàn jù: funfun báláú ni, ọ̀kan nínú ilé agogo rẹ̀ méjèèjì ní òrùlé róbótó, èkejì kò ní in títí dòní. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Mo ti rí ìdáhùn mi gbà.