Ọmọ mi kò fẹ́ bá ẹgbẹ́ ṣeré mọ́ torí wọ́n ń pè é ní òrọ́bọ̀

Ìyá Àdùkẹ́, Ìgbógbó, Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 10. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti ti ilé ìwé dé, kò ní í tíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù tó fi máa sáré jáde lọ ṣe tẹ́ńtẹ́n pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé kejì. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ní táàmù yìí, kò jáde mọ́. Òrọ́bọ̀ ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì. Bó bá di ọjọ́ eré ìdárayá, á ní inú ń run òun. Nínú ooru yìí, súwẹ́tà ló ń wọ̀ kí ikùn rẹ̀ má bàa hàn. Èyí tó wá já mi láyà ni pé mo bá ẹ̀bà rẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù, ó ti dì í pa mọ́ sẹ́yìn àpótí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó wà lọ́dọ̀ wa, "ìyá alágbo" ló ń pè é, ó ní àwàdà ni. Bàbá rẹ̀ ní kó máa jí láago márùn-ún ìdájí kó máa sáré yí àdúgbò ká títí á fi fọn. Ọkàn mi ò gbà á. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ágíríìkì:
Fóònù ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dá ẹlẹ́rìndòdò dúró, ẹ jẹ́ kó máa pọn omi. Àwa tá a fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé, mélòó ló sanra nínú wa?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ìyá Ìbejì, ẹlẹ́rìndòdò tẹ́ ẹ wí dáa ká dín in kù, fún gbogbo ilé pàápàá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń di oúnjẹ pamọ́ ni ká kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Ìyá Àdùkẹ́, ẹ pè é jókòó, ẹ má bínú sí i, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tí wọ́n ń sọ sí i tán. Ọmọbìnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà láàárín ọdún 8 sí 13, ara ọ̀pọ̀ wọn á sì kún kí wọ́n tó na sókè. Ìgbà yìí gan-an ni egungun àti ẹ̀jẹ̀ ń béèrè oúnjẹ. Ojú kọ́ la fi ń mọ̀ bóyá ọmọdé sanra jù. Ìwọ̀n rẹ̀, gíga rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin la fi ń wò ó lórí àtẹ ìdàgbàsókè. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín fún ìyẹn, kẹ́ ẹ má máa wọ̀n ọ́n nílé. Bó bá ń bì lẹ́yìn oúnjẹ, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tó ń rù, ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Ní ti eré, ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 sọ pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi wákàtí kan, ó kéré tán, lóòjọ́ ṣe ohun tó ń mú èémí yára. Kò dandan kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ńtẹ́n wà níbẹ̀, okùn fífò wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ń jí lóru kó lè fọn, ìyà ló máa kà á sí.

Tíṣà Ìtà Ẹlẹ́wà:
Ibi tí ẹ̀sín ti ń bẹ̀rẹ̀ nílé ìwé ni ìgbà tá a bá ní kí ọmọ méjì máa mú àwọn tí wọ́n fẹ́ sẹ́gbẹ́ wọn. Ọmọ tó sanra ló máa ń ṣẹ́kù, á dúró lóun nìkan, gbogbo kíláàsì á máa wò ó. Mo ti dá ìyẹn dúró ní tèmi. Mo máa ń kà wọ́n ní ení, èjì, ení, èjì, ó parí. Ẹ lọ bá tíṣà rẹ̀, ẹ sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é fún un, torí ọ̀pọ̀ wa kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ síra wọn lákòókò ìsinmi. Ẹ tún bèèrè bóyá ó lè wọ aṣọ eré tó tóbi díẹ̀. Aṣọ tó fún mọ́ra ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń sá fún.

Bàbá Bọ́dé, Ẹ̀bútè:
Ẹ ní kí ọkọ yín bá a jáde. Èmi àti ọmọ mi obìnrin máa ń rìn lọ sétí ọ̀sà nírọ̀lẹ́ tí mo bá tètè dé, a máa ń sọ̀rọ̀ lọ sọ̀rọ̀ bọ̀. Láago márùn-ún, ilẹ̀ ò tíì mọ́, ọlọ́kadà kì í sì í dúró wo ọmọdé. Ẹ tún fi Folashade Oluwafemiayo hàn án, ọmọ Nàìjíríà tó gbé irin kílò 167 gba góòlù ní Paralympics Paris 2024, ìdíje àgbáyé àwọn eléré ìdárayá tó jẹ́ aláàbọ̀ ara, láàárín àwọn obìnrin tí ìwọ̀n wọn ju kílò 86 lọ. Kó rí obìnrin tó tóbi tí gbogbo ayé dìde pàtẹ́wọ́ fún.

Màmá Àgbà:
Ìyàwó, má dá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ lóhùn o. Ọkọ rẹ ni kó lọ dọ̀bálẹ̀, kó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, Àdùkẹ́ ni kẹ́ ẹ máa pè é." Ọ̀rọ̀ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ ní í yọ ọfà lápó. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà, wọn ò mọ̀ pé ó ń dùn ún ni.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Ọmọ kan ló sọ fún un pé okùn máa já tó bá fò ó, ìyẹn ló fi jókòó. Bàbá rẹ̀ ti gbà láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ti aago márùn-ún, a ṣì ń fà á. Mò ń lọ rí tíṣà rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Nọ́ọ̀sì, kí ni kí n wí fún Àdùkẹ́ tá a bá ń lọ sílé ìwòsàn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n wo bó ṣe ń dàgbà, òótọ́ náà sì ni. Kẹ́ ẹ rọra bẹ ẹni tó bá wọ̀n ọ́n kó má pariwo iye tó jẹ́ síta, kó kọ ọ́ sínú ìwé fún yín.