"Ìpààrọ̀ omi" nìkan kò tó fún omi iyùn

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ará. Mo ka àbá tí bàbá wa mú wá, pé kí á máa pe gbogbo omi tí a bá ń dà sínú àpótí dígí, níbi tí a ti ń sin ẹja òkun àti iyùn (ẹ̀dá ẹlẹ́mìí inú òkun tí a ń fi egungun rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀), ní "ìpààrọ̀ omi". Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, bí a bá sì fi orúkọ kan ṣoṣo pè wọ́n, nǹkan ẹlẹ́mìí ló máa bá a lọ.

Bí ẹ bá ní kí ọmọ pààrọ̀ omi ògì, gbogbo omi orí rẹ̀ ló máa dà nù, á wá bu tuntun lé e. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí omi iyùn. Àpótí tèmi gba lítà 60. Lítà 6 péré ni mò ń fà jáde lọ́sẹ̀. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, bakitéríà ń sọ ọ́ di náítíráìtì, wọ́n á tún sọ ìyẹn di náítíréètì, èyí tó ń kó jọ sínú omi; òun ni mo fi ń fa omi díẹ̀ jáde. Omi tí à ń dà padà gbọ́dọ̀ ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan, kó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bíbù la bù ú, kì í ṣe dídànù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí á pè é ní "àbùpààrọ̀".

Ti èkejì ni pé omi ń fà lọ sínú afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, iyọ̀ kì í sì í bá a lọ. Ọbẹ̀ tó fà lórí iná tí iyọ̀ rẹ̀ wá pọ̀, ta ló ń fi omi iyọ̀ là á? Omi lásán tí a ti sẹ́ mọ́ tónítóní là ń dà sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí nìyí. Mo rìnrìn-àjò ọjọ́ méje, mo sọ fún àbúrò mi pé, "Máa bá mi pààrọ̀ omi tó bá fà." Inú kẹ́ẹ̀gì omi iyọ̀ tí mo pò sílẹ̀ ló ti ń bù ú, lítà kan lójúmọ́. Iyọ̀ gíráàmù 245 ló wọlé. Nígbà tí mo dé, ohun tí mo fi ń wọn iyọ̀ ka gíráàmù 39 nínú lítà kan. Iyùn kan tó máa ń na ọwọ́ bí ìka ọmọ tuntun ti ká jọ, ara rẹ̀ ń bó, egungun funfun ń yọ lábẹ́. Kò rí ọjọ́ kẹrin. Àbúrò mi kò ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fi rán an ló ṣẹ̀.

Mo ti fi máákà fa ìlà sára dígí báyìí. Èyí tí à ń dà kí omi lè padà débẹ̀, mo ń pè é ní "omi ojú-ìlà". "Àfikún" kò sọ irú omi tó jẹ́. "Ìbùkún" ìbá bá a mu, àmọ́ àdúrà ti gbà á lọ́wọ́ wa.

Ẹnìkan tún kọ "òkúta iyùn". Iyùn kì í ṣe òkúta. Ó lẹ́nu, ó ń jẹun. Egungun rẹ̀ ni àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn.

Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ tó wà láàárín wa, ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ ń pe omi òkun tí oòrùn ti fà títí tí iyọ̀ rẹ̀ fi le jù?