Ìdáhùn: Ilé ẹjọ́ Ìjọ kì í sọ ìgbéyàwó dasán

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin àgbà,

Mo kí yín láti Àgbádárìgì. Mo ti ka gbogbo ohun tí a ti sọ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkòròdú ti fi àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó sínú ìwé katikísìmù Yorùbá ránṣẹ́ sí wa. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tó dá ìjà sílẹ̀ nìyí. Bí ilé ẹjọ́ Ìjọ Àgùdà bá rí i pé ìgbéyàwó kan kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n pe ìdájọ́ yẹn ní "ìtúká ìgbéyàwó". Ẹlòmíràn ní rárá, "ìsọdasán ìgbéyàwó" ló tọ́. Ẹ̀gbọ́n tún pe iṣẹ́ tí Fádà máa ń fún èèyàn lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ ní "ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀". Nígbà tí mo ní n kò fara mọ́ ọn, ẹnì kan fèsì pé Fádà ti fọwọ́ sí i, pé ẹni tó bá tún ń bi í léèrè, ọlọ̀tẹ̀ ni. Màá dé orí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ "di" ni kí a kọ́kọ́ yanjú.

Ẹni tó bá ní "wọ́n sọ ilé náà di ahoro" ti gbà pé ilé wà níbẹ̀, èèyàn sì gbé inú rẹ̀. "Wọ́n sọ ọ́ di ẹrú": ọmọ ọlọ́mọ ni tẹ́lẹ̀. "Ó sọ làálàá bàbá rẹ̀ dasán": bàbá náà ṣe làálàá. Kò sí bí a ṣe lè lo "sọ… di" kí a má gbà pé nǹkan ọ̀hún ti jẹ́ nǹkan mìíràn kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án. Ọ̀gá tó ní òun ti ń kọ́ni ní gírámà Yorùbá láti ọgbọ̀n ọdún, ẹ ṣeun, mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún yẹn, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì fún mi ní àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tí "di" kò ti gbé ìyípadà lọ́wọ́ wá. Ẹ ní "dasán" ti di ọ̀rọ̀ kan, pé etí kò gbọ́ "di" nínú rẹ̀ mọ́. Etí ta ni? Ìyá àgbà tó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn nílé ìjọsìn gbọ́ ọ. Ohun tó gbọ́ ni pé ìgbéyàwó wà, Bíṣọ́ọ̀bù sì bà á jẹ́.

Ilé ẹjọ́ Ìjọ kò ba nǹkan kan jẹ́. Ìwé Òfin Ìjọ ti ọdún 1983, ní òfin 1057, sọ pé ìfohùnṣọ̀kan àwọn méjèèjì ló ń dá ìgbéyàwó sílẹ̀, àti pé kò sí agbára èèyàn kankan tó lè fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí ìfohùnṣọ̀kan yẹn bá lábùkù, bóyá wọ́n fipá mú ọmọbìnrin náà dé iwájú pẹpẹ, tàbí wọ́n fi ẹ̀tàn mú ẹnì kan nínú wọn, tàbí ọkọ ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní gbà kí ọmọ wáyé láéláé, a jẹ́ pé ìdè náà kò dè láti ọjọ́ kìíní. Adájọ́ wádìí, ó sì sọ ohun tó rí. Ó tiẹ̀ ní òṣìṣẹ́ kan nílé ẹjọ́ yẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa gbèjà ìdè lọ, kí ó máa mú gbogbo ohun tí ó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jáde pé ìgbéyàwó náà wà. Òfin 1060 sì ní bí iyèméjì bá wà, ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni òfin wà. Ṣáájú ọdún 2015, bí ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ bá ní ìdè kò dè, ilé ẹjọ́ kejì gbọ́dọ̀ sọ bákan náà kí ọ̀rọ̀ tó parí. Póòpù Francis ló mú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn kúrò kí ẹjọ́ lè yá. Ó mú kó yá, kò sọ ọ́ di ìkọ̀sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú, ẹ má bínú sí mi lórí "ìtúká". Kóòtù ìbílẹ̀ ló ń tú ìgbéyàwó ká, à ń kà á nínú ìwé ìròyìn. Bẹ́ẹ̀, Ìjọ náà ní ìtúká tirẹ̀, ó wà ní òfin 1142: Póòpù lè tú ìgbéyàwó ká bí tọkọtaya kò bá tíì bára wọn sùn lẹ́yìn ìgbéyàwó, tí ìdí tó yè kooro sì wà. Ìyẹn ni ìtúká gidi, nítorí ìdè wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà fún ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ni ẹ óò pe èyí?

Ohun tó ń ká mi lára ju gírámà lọ nìyí. Obìnrin kan níbí gba ìwé rẹ̀ láti ilé ẹjọ́ Ìjọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bá a ní ọjà Agbalata, níbi tó ti ń ta ẹja yíyan, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan dúró lórí àtẹ rẹ̀ tó ní: "Wọ́n ní wọ́n ti sọ ìgbéyàwó yín dasán. Àwọn ọmọ wá ńkọ́? Ti ta ni wọ́n?" Obìnrin náà ń fi ìwé pelebe lé eṣinṣin. Kò dáhùn, ó ń lé eṣinṣin lọ. Ìwé Òfin kan náà ti dáhùn fún un: òfin 1137 ní ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tàbí èyí tí a fi ọkàn rere rò pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọmọ ilé ni. Kò sí ọmọ àlè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ òfin 1137 nínú "dasán"?

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gba ti arákùnrin tó ní kí a pè é ní "àìwáyé ìgbéyàwó" náà. Ìgbéyàwó wáyé. Wọ́n gbé ìyàwó, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí gan-an nìyẹn. Ẹbí méjèèjì mọ̀, wọ́n wọ aṣọ ẹbí, wọ́n gba owó orí. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni ìdè, Yorùbá sì ti ní orúkọ fún un láti ọjọ́ tó ti pẹ́: yìgì. A so yìgì. Yìgì mú, tàbí kò mú. Ohun tí mo dábàá ni "ìkéde yìgì-kò-mú". "Ìkéde", nítorí pé adájọ́ ń kéde ni, kò dá ohunkóhun sílẹ̀. "Mú", nítorí pé òun ni à ń wí bí ìdákọ̀ró bá mú ilẹ̀ ọ̀sà, bí àtè bá mú ẹyẹ.

Wọ́n ní odindi gbólóhùn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ gbà mí. Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ni ọba Èkó kan sá wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí oyè ní ọdún 1851? Kí ni orúkọ rẹ̀? Kòsọ́kọ́. Odindi gbólóhùn ni, "kò" sì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kòkúmọ́ ńkọ́? Málọmọ́ ńkọ́? Yorùbá ti ń fi gbólóhùn sọmọ lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ gírámà rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n tún ní yìgì, ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni, pé kò yẹ ní ilé Ọlọ́run wa. Kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ jọ̀ọ́ kọ́kọ́ kó "àdúrà" kúrò nínú ilé Ọlọ́run wa. Kí ó kó "wàásù" náà kúrò, kí ó kó "àlàáfíà", kí ó sì bọ́ "àlùfáà" kúrò lára Fádà. Láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti wá, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni a ti gbà wọ́n, kò sì sí Mísà tí a óò ṣe ní Yorùbá tí a kò ní pè wọ́n. Ohun tó ti di ti èdè ti di ti gbogbo wa.

Ní ti ohùn, ẹnì kan ń kọ ọ́ ní "yígì". Dò-dò ni a ń pè é níbí. Kí ó má fi tirẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Ẹni tó sì ní etí Ògù ni mo fi ń gbọ́ Yorùbá, òótọ́ ni pé Ògù ni ìyá mi, Àwórì ni bàbá mi, mo sì dúpẹ́ fún àwọn méjèèjì. Èdè Ògù náà ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ méjèèjì láti kékeré, etí rẹ̀ kì í dí. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé rẹ̀.

Ó ku "ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀". Ta ni Fádà ń fi ìyà jẹ? Òfin 981 ní kí ó fún èèyàn ní iṣẹ́ tó lè ṣe ọkàn rẹ̀ láǹfààní, tó bá irú ẹ̀ṣẹ̀ náà mu, kí ó sì wo bí ẹni náà ṣe rí. Ọlọ́pàá kì í wo bí ẹni tó mú ṣe rí. Àwọn kan ní kí a lo "ètùtù". Ẹ ka Jòhánù Kìíní, orí kejì, ẹsẹ kejì: Kristi ni ètùtù fún ẹ̀ṣẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ní olówó. "Ìrònúpìwàdà" ni kí a fi sílẹ̀ fún sákírámẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Ajayi Crowther tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Àgùdà. Àgbádárìgì níbí ló kọ́kọ́ gbé ní ọdún 1845 kí ó tó lọ sí Abẹ́òkúta. Bíbélì Látìn lo ọ̀rọ̀ "ṣe", "ẹ ṣe ìrònúpìwàdà", lọ́nà tí àwọn kan fi rò pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni. Bíbélì Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti inú, ó dé ìwà, ó sì pa á dà. N kò tíì rí èdè tó sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tí Fádà ń fúnni wá ńkọ́? Àwọn àgbà wa ti yanjú èyí. Ọdún 1876 ni àwọn àlùfáà SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Àgùdà fún Áfíríkà, dó sí Topo, lódìkejì omi wa yìí, tí wọ́n gbin àgbọn sí. Ìlànà ibẹ̀ ni bàbá katikísì tó kọ́ wa ń tẹ̀ lé. Tó bá di ọ̀sán Sátidé kí a tó lọ jẹ́wọ́, yóò gbé èèpo àgbọn kan sórí tábìlì. "Àgbọn àlágbọn tí o jí, Fádà ti dárí rẹ̀ jì ọ́. Àgbọn dà?" A óò pariwo pé kí á dá a padà. "O ti jẹ ẹ́ tán." A óò ní kí á san án. "Olówó àgbọn ti kú." Kẹ́kẹ́ á pa. Yóò wá jẹ́ kí a dákẹ́ dáadáa kí ó tó ní kí a gbàdúrà fún òkú náà, kí a sì fún aláìní. "Àtúnṣe" ni bàbá ń pe ìyẹn, iṣẹ́ àtúnṣe. Nígbà tí mo wá ka Katikísìmù Ìjọ nígbà tí mo dàgbà, ohun kan náà ló wà ní ẹsẹ 1459: ìdáríjì mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kò tún gbogbo ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ ti bàjẹ́ ṣe, kí olè dá ohun tó jí padà, kí abanijẹ́ dá orúkọ ọmọnìkejì rẹ̀ padà. Bàbá kò sọ Látìn sí wa rí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ sínú ìwé náà.

Ní ti pé ọlọ̀tẹ̀ ni mí. Òfin 212 ní ìsọ̀rí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ní kí a gbọ́ràn sí àwọn olùṣọ́-àgùntàn lẹ́nu, mo gbà. Ìkẹta ní àwọn onígbàgbọ́ ní ẹ̀tọ́, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ jẹ́ ojúṣe wọn, láti sọ èrò wọn fún àwọn olùṣọ́-àgùntàn lórí ohun tó kan ire Ìjọ, bí ìmọ̀ wọn bá ti tó, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó ka àkọ́kọ́ kó ka ìkẹta. Pọ́ọ̀lù ta ko Pétérù lójúkojú ní Áńtíókù, kò kúrò nínú Ìjọ. Catherine ti Siena kọ̀wé sí Póòpù Gregory Kọkànlá ní Avignon pé kí ó padà sí Róòmù. Ó padà, ní 1377, ẹni mímọ́ sì ni Ìjọ ń pe obìnrin náà lónìí. Nínú Lúùkù orí kìíní, Sakaráyà béèrè, Màríà náà béèrè. Ẹni àkọ́kọ́ ń wá ẹ̀rí kí ó tó gbà á gbọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ. Màríà ti gbà, ó fẹ́ mọ bí yóò ṣe rí ni, áńgẹ́lì sì ṣàlàyé fún un. Ìbéèrè ti Màríà ni mo ń béèrè. Mo gba ohun tí Ìjọ wí nípa ìgbéyàwó gbọ́ pátápátá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń jà fún ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n, wọn kò tíì tẹ ìwé náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi lẹ́tà yìí han Fádà, gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ibi tí mo ti bínú nìkan. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú tí ẹ ṣì ní ìyá àgbà nílé, ẹ bi wọ́n léèrè fún mi: bí wọ́n bá rí tọkọtaya tí ó dájú pé ìdè wọn kò dè láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ni wọ́n ń wí? Kí ẹ kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe pè é gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn.