Ṣé kí n fi lithium rọ́pò bátìrì kékeré inú mọ́tò oníná mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tanke, n'Ílọrin, ni mò ń gbé. Mọ́tò oníná ni mò ń wà. Bátìrì ńlá rẹ̀ kò ní wàhálà kankan. Ọwọ́ bátìrì kékeré 12V ni ojú mi ti ń rí màbo. Tí ìyẹn bá ti kú, kọ̀ǹpútà mọ́tò kò ní jí, kò sì ní gbéra, bí bátìrì ńlá tiẹ̀ kún bámúbámú.

Mo ti ra bátìrì asíìdì olómi tuntun sí i, ooru ibí kò jẹ́ kó pẹ́. Rewáyà mi fi mítà wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí n tó ṣí mọ́tò: 11.9 ló kà, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó sún mọ́ 12.6. A wá ohun tó ń fa iná lóru títí, a ò rí i. Lithium ló ń wù mí, torí ó fúyẹ́, ó sì máa ń tọ́jọ́. Àmọ́ bátìrì asíìdì ni wọ́n ṣe ètò chájì mọ́tò yìí fún, owó rẹ̀ náà ò sì kéré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó nínú ooru bíi tiwa, ṣé ó tó owó rẹ̀, àbí kí n kúkú ra AGM, ìyẹn bátìrì asíìdì tí wọ́n dé pa, tí omi inú rẹ̀ kì í dà? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ ná.