Káàdì ọ̀gá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Ìbejì, London:
Ẹ kú ilé o. Ọ́fíìsì àkáǹtì ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń fi rìsíìtì wé àkọsílẹ̀ báǹkì lóṣooṣù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èmi ni ọ̀rọ̀ bọ̀dá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ já lé lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní káàdì ìsanwó ilé-iṣẹ́ pé kó máa fi ra epo mọ́tò àti oúnjẹ. Epo náà ló kọ́kọ́ rà, àmọ́ lálẹ́ Sátidé, nígbà tí mọ́tò ilé-iṣẹ́ wà níbi tí wọ́n ń gbé e sí. Ó di bàtà ọmọ. Kérésì kù díẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú Èkó yọjú. Mo ní, "Bọ̀dá, kí lèyí?" Ó ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, mo kàn yá a ni. Bówó oṣù bá ti wọlé, màá dá a padà."

Ó sì dá a padà, tókọ́bọ̀ ò kù. Síbẹ̀ ọlọ́pàá ò tìtorí ìyẹn jáwọ́. Abala kẹrin Fraud Act 2006 ni wọ́n fi kàn án: ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ owó, tó wá ń fi àrékérekè ná an fún ara rẹ̀. Kí èèyàn máa rò ó lọ́kàn pé òun á san án padà, ìyẹn nìkan ò tó. Ilé ẹjọ́ á tún wò ó bóyá ọmọlúàbí lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ó lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Tiẹ̀ jẹ́ oṣù 8, wọn ò sì ní rán an lọ àfi tó bá tún ṣẹ̀. Lọ́yà ẹ̀ ní owó tó dá padà yẹn ló bá a mú un rọ̀. Àmọ́ ó ti wọ DBS, àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn tí ilé-iṣẹ́ máa ń béèrè. Ilé ìtọ́jú wo ló máa gbà á báyìí? Ọpẹ́ ni pé ó ti gba ìwé ọmọ ìlú, torí àlejò tí wọ́n bá rán lẹ́wọ̀n ọdún kan ó kéré tán, UK Borders Act 2007 ní kí wọ́n dá a padà sílùú ẹ̀, àfi tí òfin bá yọ ọ́ sílẹ̀.

Tóyìn, Manchester:
Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Tèmi yàtọ̀. Oúnjẹ àwọn oníbàárà ni mo fi káàdì ilé-iṣẹ́ rà, ni máníjà bá yọ ọ́ nínú owó oṣù mi, ó ní n kò gbàṣẹ. Mo fi ímeèlì tí òun fúnra ẹ̀ fi ní kí n rà á hàn wọ́n. Lábẹ́ Employment Rights Act 1996, ọ̀gá ò kàn lè yọ owó èèyàn bẹ́ẹ̀, àfi tó bá wà nínú àdéhùn iṣẹ́ tàbí kéèyàn ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá a padà. Ẹ má da rìsíìtì nù o!

Bàbá Ṣadé, Ìbàdàn:
Nílé níbí, káàdì epo ni tiwa. Dẹ́rẹ́bà wa àti ọmọ ilé epo jọ lẹ̀dí àpò pọ̀: lítà 40 lórí ìwé, 25 nínú táǹkì. Nínú Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa níbí, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni olè lásán, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó bá ja ọ̀gá rẹ̀ lólè, ó lè gba 7. Ìyàwó ẹ̀ ṣì ń bẹ̀ wá kiri. Ọ̀gá ní àfi kí dẹ́rẹ́bà kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó ń ra epo náà lọ́wọ́ ẹ̀.